Alẹ́ Sọ́ńdè Mẹ́rìnlá

Ó sùn dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ́jísítà náà, níwájú alẹ́ Sọ́ńdè mẹ́rìnlá. Dolina Macritchie ti fi ìka tọ̀ wọ́n lọ, ó ti fi tọ̀ wọ́n bọ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ní alẹ́ Fráìdé, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ náà jí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní alẹ́ Sátidé, ó sunkún títí di aago mọ́kànlá, ó sì bì sórí aṣọ ibùsùn. Tó bá ti di Sọ́ńdè, ó sùn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, bákan náà.

"Irú ọmọ wo rèé," ni Dolina wí fún ara rẹ̀, "tó jẹ́ pé wárápá rẹ̀ pàápàá ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Dolina fi ṣe ọlọ́pàá ní erékùṣù Lewis, ipò ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Ó ti mú àwọn tó ń jí àgùntàn, ó ti mú ẹni tó dáná sun ọkọ̀ ojú omi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní báyìí, lọ́jọ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, ó máa ń jókòó nídìí tábìlì kan ní ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ní ìlú Stornoway, á máa bá aráàlú ka lẹ́tà ìjọba, kì í gba kọ́bọ̀. Ó sì ti ń sọ ọ́ káàkiri pé nínú gbogbo ọ̀daràn tí òun bá wíjọ́, kò sí èyí tó lágídí tó fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó ni ẹjọ́ jókòó síwájú rẹ̀, kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Effie Macaskill ni, opó ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láti abúlé Garbost. Iseabail ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kì í rìn, kì í sọ̀rọ̀, wárápá sì ń dà á láàmú. Ìjọba ń san owó ìtọ́jú fún ìyá tó bá ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n òfin ní bí ọmọ bá sùn ju alẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ ní ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, owó ò tọ́ sí ìyá mọ́. Iseabail sì máa ń lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ ní Stornoway lópin ọ̀sẹ̀ kan, á fo ìkejì, kí ìyá rẹ̀ lè fojú kan oorun. Rẹ́jísítà ilé náà ka alẹ́ méjìlélógójì.

Nítorí náà lẹ́tà dé. Wọ́n ní Effie ti gba owó tí kò tọ́ sí i, kó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ padà. Wọ́n ti dá owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ dúró. Bí ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ náà ní Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá sì gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ ni, ọ̀rọ̀ á di ti ilé ẹjọ́ ọ̀daràn.

"Effie, mo tún fẹ́ bi ọ́."

"Ẹ ti bi mí, mà."

"Alẹ́ Sọ́ńdè, ibo ni ọmọ yìí ń sùn?"

"Ilé. Orí ibùsùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi."

"Gbogbo Sọ́ńdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ta ló ń gbé e wálé?"

Effie tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"Ṣé bọ́ọ̀sì ni?"

"Bọ́ọ̀sì kì í rìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kì í rìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ibí ni wọ́n bí mi sí. Ṣé ìwọ lo wa ọkọ̀?"

"N kò mọ ọkọ̀ wà."

"Ó fò ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Effie, ó gbé e mì. "Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ilé ló sùn."

"Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní báwo ló ṣe dé ilé. Èmi náà sì ní, báwo ló ṣe dé ilé?"

"Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa já sí, màá san owó náà."

"Kí lo fẹ́ fi san án? Ṣé omijé?"

Effie dìde, ó di bọ́tìnnì ẹ̀wù tí kò tilẹ̀ bọ́. "Ẹ ṣeun, mà," ló wí, ó sì jáde. Dolina wo ilẹ̀kùn tó pa dé. Òun tó ti jẹ́ kí àwọn géńdé jẹ́wọ́ olè lórí ife tíì kan, ẹni tó wá bẹ òun níṣẹ́ ló wá ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òun.

*

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni fóònù fi kọrin sí i létí kó tó di pé Ọ̀gbẹ́ni Pickering gbé e. Òun ni fáìlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìlú ńlá kan ní òdìkejì omi.

"Màdáámú," ni Pickering wí, ohùn rẹ̀ tútù bí ẹja orí yìnyín, "ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ní erékùṣù yín, ṣé ọkọ̀ èrò ń rìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Rárá."

"Ṣé ilé epo ń ṣí?"

"Rárá."

"Ìyàwó àbúrò mi wá ṣe ìsinmi lọ́dọ̀ yín lọ́dún kan. Ó ní wọ́n fi ṣéènì ti jangilọ́fà àwọn ọmọdé pa."

"Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn."

"Ó dáa. Ọmọ tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ wá rin máìlì mẹ́rìndínlógún ní ibi tí jangilọ́fà pàápàá kì í mì. Ìyá rẹ̀ kò sọ ẹni tó gbé e. Rẹ́jísítà ní inú ilé ló wà. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Dolina gbé fóònù kalẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé bó bá jẹ́ òun ni òun wà níjòkòó Pickering, ohun tí òun náà máa sọ nìyẹn gan-an.

*

Àwọn àgbà ní bí eku ò bá sí nínú ihò, èèyàn á tú ihò kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Dolina gba ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ lọ. Mátírọ̀nì ibẹ̀ ni Kenina Gillies, òun àti Dolina jọ ka ìwé ní kíláàsì kan náà. Obìnrin tó tààrà bí òpó ni, kì í gbàgbé nǹkan, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkàn Dolina ti ń fura sí i láti inú mọ́tò. Ẹni tó bá fi alẹ́ kún alẹ́, ó fẹ́ gba owó kún owó ni.

"Kenina, èló ni ìjọba ìbílẹ̀ ń san fún yín lórí alẹ́ kan?"

"Lórí alẹ́? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń sanwó, ní oṣù kẹrin. Bí ọmọ kan sùn, bí ogún sùn, iye kan náà ni."

"Kò sí àfikún?"

"Àfikún wo? Bí o bá rí àfikún níbì kan, bá mi mú un wá, òrùlé wa ń jò."

Ihò yẹn náà ṣófo. Dolina ṣí rẹ́jísítà. "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀."

"Wo oṣù kọkànlá. Ní alẹ́ Sátidé, bíírò búlúù rẹ kú láàárín ọ̀rọ̀, o sì fi pupa parí rẹ̀. Sọ́ńdè, pupa ni. Mọ́ńdè, búlúù tuntun."

"Bíírò kì í kú lọ́dọ̀ tìrẹ?"

"Mo ń bi ọ́ ni. Ṣé ní alẹ́ Sọ́ńdè lo kọ ti Sọ́ńdè?"

Ojú Kenina lọ síbi ilẹ̀kùn. "Ọmọ kan wà tí mo fẹ́ fún ní tíì," ló wí. Ó dìde lọ. Kò sì padà wá. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọmọbìnrin kan tó ń gbálẹ̀ wá sọ fún Dolina pé Mátírọ̀nì kí i, wọ́n ní kó máa lọ sílé láyọ̀.

*

Sátidé ni ojú Dolina là, kì í ṣe nínú ìwé kankan. Ó dúró níwájú báàfù kíṣìnnì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń bẹ ọ̀dùnkún.

Dolina kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọmọdé ni wọ́n ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀: Sátidé ni à ń bẹ ọ̀dùnkún Sọ́ńdè. Sátidé ni à ń nu bàtà, à ń kó ohun ìdáná wọlé, à ń ká aṣọ kúrò lórí okùn bó tilẹ̀ ṣì tutù. Ìyá rẹ̀ tiẹ̀ máa ń ya ewé Sátidé kúrò lára kàlẹ́ńdà kó tó sùn, kó má baà di pé yóò ya ìwé lọ́jọ́ ìsinmi. Wákàtí mẹ́rin ni Sọ́ńdè á fi wà lára ògiri kí Sátidé tó tán.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Dolina.

Obìnrin tí kò jẹ́ bẹ ọ̀dùnkún lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣé ó lè gbé bíírò? Kenina kì í kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sọ́ńdè. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ń kọ, láti Sátidé. Ọmọ tó ń sùn dáadáa yẹn, wọ́n ti kọ oorun rẹ̀ sílẹ̀ ní odidi ọjọ́ kan kí oorun náà tó kùn ún.

Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye èèyàn ní erékùṣù yìí tó máa gbọ́ èyí tí wọn ò ní rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

*

"Sátidé lo ń kọ Sọ́ńdè," ló wí fún Kenina láàárọ̀ Mọ́ńdè. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ni òun fúnra rẹ̀ gbé àga sí, ó sì jókòó lé e.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀dùnkún."

Èjìká Kenina wálẹ̀. "N kò kọ̀wé lọ́jọ́ ìsinmi rí láyé mi. Iṣẹ́ ni. Ètò tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe fún ọmọ náà ní láti Fráìdé dé Mọ́ńdè, mo sì kọ ohun tí ètò wí."

"Àwọn yòókù tí wọ́n wà níbí ní Sọ́ńdè ńkọ́, tí wọ́n ń gba oògùn? O kì í kọ ìyẹn náà?"

"Ìyẹn kọ́!" Ohùn Kenina ga bí ẹni tí wọ́n bú. "Oògùn ńkọ́? Bí n kò bá kọ ọ́, ẹlòmíì á tún fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì, á pa á. Iṣẹ́ àánú nìyẹn. Iṣẹ́ àánú kò ba ọjọ́ ìsinmi jẹ́, ó wà nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ èmi pẹ̀lú rẹ lórí ìjókòó kan náà."

"Mo rántí. Lọ gbé ìwé oògùn wá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kenina, lọ gbé ìwé oògùn wá. Tàbí kí n bá ọ lọ, torí tíì tí o ń fún ọmọ yẹn ní Túsìdé, ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tó ń mu ún."

Ìwé náà dé. Dolina ṣí i sí Sọ́ńdè àkọ́kọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀: Iseabail, wọ́n fún un. Aago mẹ́jọ alẹ́: orúkọ ọmọ mẹ́ta mìíràn, wọ́n fún wọn, níwájú orúkọ Iseabail, òfìfo. Mọ́ńdè àárọ̀, òfìfo. Ó ṣí Sọ́ńdè kejì. Ó ṣí gbogbo wọn. Òfìfo mẹ́rìnlá.

Ìwé méjì, ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n. Èyí tí í ṣe iṣẹ́, ó parọ́. Èyí tí í ṣe àánú, òtítọ́ ló sọ.

"Ọmọ náà kò sí níbí," ni Dolina wí. "O sì mọ̀. Kí ló dé tí o kò ṣàtúnṣe rẹ́jísítà ní Mọ́ńdè?"

"Bí mo bá ṣàtúnṣe, wọ́n á ní kí n kọ ẹni tó wá mú un."

"Ta ló wá mú un?"

"N kò rí i."

"Kenina."

"Kíṣìnnì ni mo wà. N kò wo ojú fèrèsé. Bí mo bá ti gbọ́ mọ́tò, mo máa ń pinnu pé n kò ní wo ojú fèrèsé."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá?"

"Kíṣìnnì ni mo wà lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá."

Dolina fọwọ́ bo ojú rẹ̀. Obìnrin yìí kò ní parọ́ bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, ó sì ti da ilé opó rú láìfẹnu sọ irọ́ kan ṣoṣo. Òfìfo nìkan kò sì lè gba Effie. Pickering á ní oògùn tí wọ́n gbàgbé láti kọ kì í ṣe ọmọ tí kò sí nílé. Ẹni tó wa mọ́tò ló kù.

*

Ta ló ń wa mọ́tò ní Sọ́ńdè, níbi tí ilé epo kì í ṣí? Ẹni tó ti ra epo ní Sátidé ni. Dolina wakọ̀ lọ sí Garbost, ó yà sọ́dọ̀ Aonghas tó ni ilé epo kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Ta ló ń ra epo lọ́wọ́ rẹ ní Sátidé?"

"Gbogbo ayé, mà. Ọ̀la á jẹ́ Sọ́ńdè."

"Ta ló ń ra epo tó ju ìrìn rẹ̀ lọ?"

Aonghas họ irùngbọ̀n. "Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń yà mí lẹ́nu o. Alàgbà Tormod. Ẹ mọ ilé wọn, ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí èèyàn bá sín nínú ilé yẹn, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì á ní pẹ̀lẹ́. Wọn kì í lọ ibòmíràn. Lọ́sẹ̀ méjìméjì, ẹ rí wọn, wọ́n á kún táǹkì. Mo rò pé táǹkì ń jò ni. Mo tiẹ̀ wọ abẹ́ mọ́tò lọ wò ó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ó ń jò?"

"Kò jò rárá. Inú bí wọn sí mi pé mo wọ abẹ́ mọ́tò."

Tormod Macaskill ni bàbá ọkọ Effie, inú ilé rẹ̀ ni Effie àti ọmọ ń gbé. Òun ni alàgbà tó dìde lójú gbogbo ìjọ ní ìjelòó láti bá àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi máa ná Sọ́ńdè wí. Òun ló lọ bá ọmọkùnrin kan nílé, nítorí pé ọmọkùnrin náà wakọ̀ lọ pẹja lọ́jọ́ ìsinmi. Ó bá a wí títí tí ìyá rẹ̀ fi sunkún.

Dolina dúró sínú òjò. Ó wá yé e ìdí tí Effie fi fẹ́ fi omijé san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́n-ùn.

*

Ẹ̀yìn ilé ló ti bá bàbá náà, ó ń to píìtì, ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gé sá gbẹ láti fi dáná. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, kò sì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Alàgbà, mo fẹ́ bi yín léèrè. Epo ọkọ̀ yín, ibo ló ń lọ?"

Bàbá to píìtì kan, ó to ìkejì. "Ta ló rán ọ? Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Rárá o. Lẹ́tà ló rán mi."

"Lẹ́tà wo?"

Bàbá yìí kò mọ̀. Oṣù márùn-ún ni lẹ́tà ti wà nínú ilé rẹ̀, kò sì mọ̀. Dolina rò ó bóyá ọ̀rọ̀ òun ni láti sọ. Ó rántí pé Wẹ́sìdé ku ọ̀túnla. Ó sọ ọ́. Ó sọ iye alẹ́, ó sọ iye owó, ó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí Effie. Bàbá jókòó sórí píìtì tó ń tò.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Nítorí yín ni. Mátírọ̀nì náà, nítorí yín ni. Ẹ̀yin náà, nítorí ìjọ lẹ ṣe ń yọ́ gbé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Alàgbà, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi pamọ́ fún ara yín, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú yín tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọlọ́pàá. Àwọn ọ̀daràn dáa ju yín lọ, wọ́n máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán."

Bàbá kò bínú. "Ìgbà àkọ́kọ́, mo kàn lọ kí i ni," ló wí, "láàárín ìsìn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Mo ń lọ, ó di ẹ̀wù mi mú. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn, dókítà ní kò ní di nǹkan mú láé. Mo gbìyànjú láti ṣí i. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ gbé e wálé. Iṣẹ́ àánú ni. Kò yẹ kí ẹ fi pamọ́."

"Iṣẹ́ àánú ni lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà kejì, mo ti kún táǹkì láti Sátidé. Ẹni tó kún táǹkì láti Sátidé, àánú kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é. Ó ti mọ ohun tó ń lọ ṣe." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Aago mélòó ni wọ́n á jókòó ní Wẹ́sìdé?"

*

Yàrá kékeré kan lókè ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ ni ìgbìmọ̀ ti jókòó, àwọn mẹ́ta. Amòfin obìnrin kan, Ìyáàfin Abernethy, ni alága. Ọ̀gbẹ́ni Pickering ti fi ọkọ̀ òfuurufú wá. Afẹ́fẹ́ ti gbé ọkọ̀ náà jó lójú ọ̀run, ojú rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Iseabail wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Alàgbà Tormod wọlé nínú aṣọ dúdú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Effie dìde.

"Bàbá, ẹ padà sílé."

"Jókòó, ọmọ mi."

"Ta ló sọ fún yín? Ṣé ìwọ ni, Dolina?" Ó bínú débi pé kò rántí pe àgbà ní ẹ̀yin.

"Jókòó, Effie," ni Dolina wí. "Bínú sí mi tó bá di ọ̀sán."

Kenina kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ó gbé ìwé oògùn jáde láti inú báàgì ọjà. Pickering ṣí i, ó ṣe hùn-ún.

"Òfìfo yìí lè jẹ́ ìgbàgbé, Mátírọ̀nì."

"Ọ̀gbẹ́ni, n kì í gbàgbé oògùn."

"Ẹ rí ẹni tó gbé ọmọ náà?"

"Kíṣìnnì ni mo wà."

"Lẹ́ẹ̀mẹrìnlá?"

"Àwọn náà ti bi mí," ni Kenina wí, ó tọ́ka sí Dolina bí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn.

Alàgbà Tormod ni ó kàn. Ó dúró, wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní òun ni òun wa mọ́tò. Ó sọ ọ̀nà tí òun gbà, ó sọ aago tí òun dé. Kò fi nǹkan kan bo nǹkan kan. Garbost á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn tó wà nínú yàrá náà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi Pickering.

"Ẹ jẹ́ kó yé wa," ni Pickering wí. "Alẹ́ méjìlélógójì. Bí ẹ bá gbé e wálé lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n géérégé, kò kọjá ààlà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹtàlá péré, ó ti kọjá. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mẹ́rìnlá ni? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Èmi? Lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Dókítà tó wà nínú ìgbìmọ̀ wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ wá mọ̀ ọ́n báwo?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì," ni bàbá náà wí. "Ohun rere tí mo bá ṣe, n kì í kà á. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo mọ iye rẹ̀."

Pickering wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí èkejì, ó sì ní òun kò ní ìbéèrè mọ́.

Ìgbìmọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n padà, alága kà á ní ṣókí: òfìfo mẹ́rìnlá nínú ìwé oògùn, ẹ̀rí mẹ́rìnlá láti ẹnu ẹni tí kò ní èrè kankan níbẹ̀. Alẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ náà sùn níta. Effie Macaskill kò jẹ ìjọba ní gbèsè, kò parọ́, kí wọ́n dá owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a dúró.

Effie kò yọ̀. Ó yíjú sí bàbá ọkọ rẹ̀.

"Oṣù márùn-ún. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń da omi sí tíì àná, tí mo ń pa iná yàrá ọmọ. Ẹ wà nídìí tábìlì kan náà, ẹ ń gbàdúrà lórí ọ̀dùnkún. Bí ẹ bá ti wí ọ̀rọ̀ kan péré nípa mọ́tò yẹn!"

"Ìwọ náà."

"Èmi náà. Mo mọ̀. Ó ti sú mi ni." Ó nu imú rẹ̀, ó tú bíréékì àga Iseabail.

Alága ń kó ìwé rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàbá àgbà náà.

"Alàgbà, èyí kò sí nínú ẹjọ́ o," ló wí. "Ṣé ẹ ṣì ń tọrọ ìdáríjì náà?"

Tormod dé fìlà rẹ̀. Ó rò ó dáadáa, nítorí pé kì í dáhùn ìbéèrè láìrò ó.

"Mo ti dákẹ́, mà. Ó ti sú mi. Mo sì rò pé ó ti sú Òun náà."